Kíkọ́ ọmọ Íńdíà ní ìtàn, jọ́gíráfì àti sífíìkì: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù

Ó ti ń lọ sí ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì 6 sí 8 níbí, ní Hyderabad. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá, mo lọ gba B.Ed. níbí kí wọ́n tó fún mi níṣẹ́ ní ilé-ìwé àdáni kan. Àtìgbà táwọn ará ilé ti gbọ́ pé èmi ọmọ Yorùbá ni mò ń kọ́ ọmọ Íńdíà nítàn ìlú bàbá wọn, ìbéèrè ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi mọ́, àwọn òbí Yorùbá tọ́mọ wọn ń lọ ilé-ìwé níbí ń pè, àwọn tíṣà ń pè, àbúrò mi tó ń kọ́ Social Studies ní Ọ̀yọ́ náà ò jẹ́ n sùn. Ó ti sú mi láti máa dáhùn ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀ rèé.

Àǹtí, kíláàsì wo ni wọ́n ń pè ní middle school níbẹ̀ yẹn?

Kíláàsì 6, 7 àti 8 ni, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14, ká kúkú sọ pé JSS tiwa. Lápá gúúsù níbí "sixth standard" lẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, nǹkan kan náà ni. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2009, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní April 2010, ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọmọ ọdún 6 sí 14 àti pé dandan ni kó lọ, ìyẹn ni pé kíláàsì 8 ni òfin yẹn já sí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí ọmọ tó bá ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ nípa òfin àti ìdìbò náà ló máa lò dọjọ́ alẹ́.

Ṣé sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni àbí ọ̀kan?

Ọ̀kan ni lórí táìmù-tébù, SST, ìyẹn Social Studies, làwọn ọmọ ń pè é, tíṣà kan náà ló sì sábà máa ń kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tẹ́lẹ̀ ìwé mẹ́ta ni NCERT máa ń tẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ìtàn, ọ̀kan fún jọ́gíráfì, ọ̀kan fún sífíìkì, àmọ́ láti 2024 ni wọ́n ti ń pa wọ́n pọ̀, kíláàsì 6 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. NCERT yìí làjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1961 tó ń ṣe ìwé tí CBSE, bóòdù ìdánwò ìjọba àpapọ̀, ń lò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló ń lo CBSE, bóòdù CISCE wà, sítéètì kọ̀ọ̀kan náà ní bóòdù tiẹ̀, torí láti 1976 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti sítéètì pa pọ̀. Nítorí náà ẹ má kàn pè mí pé "Àǹtí, kí ni wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì 7", ẹ sọ bóòdù tọ́mọ yín wà fún mi ná.

Ohun kan wà nípa orúkọ sífíìkì tó máa ń dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn àtúnṣe sílébọ́ọ̀sì 2005, wọ́n yọ orúkọ "Civics" lára ìwé àwọn ọmọ kíláàsì 6 sí 8, wọ́n sọ ọ́ di "Social and Political Life". Àwọn tó kọ àtúnṣe yẹn ní àwọn Òyìnbó ló mú Civics wá nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ará Íńdíà ti ń ṣorí kunkun sí wọn, wọ́n fẹ́ fi tọ́ ọmọ tó máa gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu ni. Àmọ́ lẹ́nu àwa tíṣà, Civics náà ló ṣì ń jẹ́ títí dòní, ẹnu ò kúkú gbọ́ àtúnṣe.

Ọmọ mi kórìíra ìtàn bí nǹkan míì. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ yọ owó lápò. Mi ò ṣàwàdà o.

Ẹ̀yìn owó bébà Íńdíà tó ń jáde láti ìparí 2016, láti rúpíì 10 dé 500, ibi ìtàn ló wà níbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Rúpíì 10 ní ilé òrìṣà oòrùn ti Konark, 20 ní ihò àpáta Ellora, 50 ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin olókùúta ti Hampi, 100 ní Rani ki Vav, ìyẹn kànga alátẹ̀gùn tó wà ní Gujarat, 200 ní ibi ìjọsìn ẹlẹ́sìn Búdà ti Sanchi, 500 ní Red Fort ní Delhi. Ẹ yí kọ́ìnì padà, ẹ máa bá kìnnìún Ashoka, ọba Íńdíà àtijọ́ kan, tí wọ́n hú ní Sarnath. Èdè 15 tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan owó bébà náà, ẹ ní kí ọmọ ka iye tó lè dá mọ̀ níbẹ̀.

Lọ́dún kan mo ní kí kálukú mú owó jáde. Ọmọkùnrin kan ní rúpíì 50 tó ti rún, ibi tó ṣẹ́ ẹ sí gba àárín táyà kẹ̀kẹ́ yẹn kọjá gẹ́lẹ́. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ma'am, mo ti fi kẹ̀kẹ́ yìí ra samosa láìmọye ìgbà, mi ò wojú ẹ̀ rí." Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ, kò mọ̀. Mo ní ará ìlú Vijayanagara ni, àlàpà ìlú náà là ń pè ní Hampi lónìí, ìlú ńlá ni, wọ́n sì fọ́ ọ ní 1565 lẹ́yìn ogun Talikota. Ta ló fọ́ ọ? Àwọn ọba Deccan, ìyẹn àárín gúúsù Íńdíà, tó para pọ̀ ni, Golconda sì wà nínú wọn. Golconda kẹ̀! Golconda tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wọn ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá ní àràárọ̀! Ojú gbogbo wọn là. Látorí owó samosa la ti dé ogun, látorí ogun la ti dé àdúgbò wọn, mi ò tíì ṣí ìwé rárá. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látorí ojú ewé kìíní níbi tí wọ́n ti ní "ìtàn ni ìmọ̀ nípa ohun tó ti kọjá", ọmọ ti sùn nìyẹn.

Ọdún ti pọ̀ jù nínú ìwé, báwo ni wọ́n á ṣe rántí ẹ̀?

Wọn ò nílò kí wọ́n rántí gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọ́n nílò ni kí wọ́n mọ èwo ló jìnnà, èwo ló wà nítòsí, torí ọmọ kíláàsì 6 lójú tiẹ̀, Ashoka àti Gandhi lè jọ mu tíì níjọ́ kan náà.

Mo máa ń ra okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ, mítà 50. Mítà kan dúró fún 100 ọdún. Ọmọ kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, òun ni òní, àwọn tó kù á máa fa okùn lọ. A á ta kókó sí i níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dá Telangana, sítéètì tí Hyderabad wà, sílẹ̀ ní June 2014, kókó yẹn fi díẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Òmìnira 1947 ò tó mítà kan. Ogun Plassey 1757 tí àjọ oníṣòwò Òyìnbó fi rí ẹsẹ̀ tẹ̀ ní Bengal, kò tó mítà 3. Akbar, ọ̀kan nínú àwọn Mughal, ìdílé ọba Mùsùlùmí tó ṣàkóso apá tó pọ̀ ní Íńdíà, gorí oyè ní 1556, ìyẹn lé díẹ̀ ní mítà 4 àti àbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa rìn, ẹ máa rìn, ẹ máa rìn, kẹ́ ẹ tó kan ogun Kalinga tí Ashoka jà ní bíi 261 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù, mítà 23 nìyẹn. Ọmọ tó mú àwọn ìlú àtijọ́ ti Harappa dání, bíi 2600 kí wọ́n tó bí Jésù, ó ti dé mítà 46, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ló ń lé e padà.

Ẹ wò ó dáadáa: Ashoka tí wọ́n rò pé òun ni ìbẹ̀rẹ̀ ayé, àárín okùn gan-an ló wà. Èmi náà ò mọ̀ kí n tó wọ̀n ọ́n.

Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi kókó 1947, ó fi ìka wọn díẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, ó ní ibí ni wọ́n bí ìyá ìyá òun. Ó dìde, ó wo Harappa lọ́ọ̀ọ́kán ní géètì, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ṣé kí ọmọ kọ́ ọ sórí ni àbí kó má kọ́ ọ sórí?

"Ma'am, ṣé kí n by-heart ẹ̀?" Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ lójúmọ́ nìyẹn, "by-heart" ni wọ́n ń lò níbí bíi pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni, apá àríwá a máa pè é ní "mug up". Ìdáhùn mi ò dùn mọ́ àwọn tíṣà ìgbàlódé nínú: àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kó wà lórí. Sítéètì 28 àti agbègbè 8 tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, odò ńláńlá, bíi ọdún mẹ́wàá pàtàkì, gbólóhùn tó ṣíde ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ò ní nǹkan kan lórí, kí ló máa fi ronú? Àmọ́ kí ọmọ máa ka ìdáhùn ìbéèrè ẹ̀yìn ìwé sórí pẹ̀lú kọ́mà àti fúlúsítọ́ọ̀pù tó wà níbẹ̀, kó lọ pọ̀ ọ́ sórí pépà, kó sì ti gbàgbé kó tó délé, àdánù ni. Mo mọ̀ ọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, torí mo máa ń yí ìbéèrè padà díẹ̀, ìdáhùn tí mo máa gbà á ṣì jẹ́ ti ìbéèrè àná.

Jọ́gíráfì ńkọ́? Máàpù ò yé ọmọ mi.

Torí pé orí bébà nìkan ló ti ń rí i ni. Níbí, láràárọ̀ làwọn obìnrin máa ń fi ẹ̀tù funfun ya iṣẹ́ ọnà síwájú ilé wọn, muggu lorúkọ ẹ̀ ní Telugu, kò sí ọmọ tí kì í rí i. Mo ra ẹ̀tù yẹn, àwọn ọmọ fa ilà oníigun mẹ́rin sórí máàpù kékeré nínú ìwé wọn, wọ́n tún fa irú ẹ̀ tó tóbi sórí sìmẹ́ńtì àgbàlá, wọ́n wá ń gbé Íńdíà sọ́dọ̀ ara wọn ní iyàrá kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ̀ ní mítà 3. Látìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn Íńdíà jẹ́ kìlómítà 2,933, ẹ ti rí i pé mítà kan dúró fún bíi kìlómítà 1,000 nìyẹn. Mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí kálukú lọ dúró síbi tí bàbá bàbá ẹ̀ ti wá. Telangana kún bí mọ́tò Òjé lọ́jọ́ ọjà, méjì wà ní Andhra, ọ̀kan dá wà ní Bihar, ọ̀kan ní Kerala. Wọ́n ní, "Ma'am, ẹ̀yin ńkọ́?" Mo gba Mumbai jáde, mo sọdá òkun, mo rin bíi mítà 8 kọjá igi neem, mo dúró nídìí ẹ̀rọ omi, mo ní Ìbàdàn rèé. Ariwo ta. Àtìgbà yẹn tí wọ́n bá ti fẹ́ lọ mumi, wọ́n á ní àwọn ń lọ Ìbàdàn.

Òjò monsoon náà, ẹ má fi ìwé nìkan kọ́ ọ. Ó máa ń dé Kerala ní nǹkan bí June 1, á wá gùn ún bọ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, àsìkò tílé-ìwé ń wọlé náà nìyẹn. Ẹ gé orí ike omi kúrò, ẹ gbé e síta níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò bò ó, ẹ fi rúlà wọn omi tó wà nínú ẹ̀ láràárọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá wá kà pé òjò ọdún kan ní Mawsynram ní Meghalaya ju mílímítà 11,000 lọ, tí tiwa ní Hyderabad ò ju bíi 800 lọ, wọ́n á mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ torí wọ́n ti fi ojú rí mílímítà 20 tó sọ títì dodò.

Ti aago náà dáa. Gbogbo Íńdíà ń lo aago kan, èyí tí wọ́n gbé ka ìlà 82°30' tó gba tòsí Mirzapur kọjá, àmọ́ oòrùn máa ń là ní Arunachal Pradesh bíi wákàtí 2 ṣáájú Gujarat. Ẹ ní kí ọmọ tó ní ẹbí lápá ibẹ̀ pè wọ́n láàárọ̀, kó béèrè bóyá ilẹ̀ ti mọ́.

Ìkìlọ̀ kan o, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wa máàpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ààlà Íńdíà lápá Kashmir àti Arunachal, bí Survey of India, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ya máàpù, ṣe yà á nìkan ni wọ́n ń gbà níbí, èyí tẹ́ ẹ bá rí lórí sáìtì ilẹ̀ òkèèrè lè yàtọ̀, òfin sì wà lórí ẹ̀. Ẹ ra máàpù òfìfo tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, owó kékeré ni, ẹ sinmi.

Báwo lẹ ṣe ń kọ́ wọn ní sífíìkì láìjẹ́ pé ẹ ń purọ́ fún wọn?

Ìbéèrè àbúrò mi nìyí, òun ló le jù. Torí ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tọ́mọ ń rí ládùúgbò, wọn kì í jọra nígbà míì.

Ìwé òfin ilẹ̀ Íńdíà, November 26, 1949 ni wọ́n fọwọ́ sí i, January 26, 1950 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, B. R. Ambedkar ni alága ìgbìmọ̀ tó kọ ọ́. Ẹsẹ̀ 17 nínú ẹ̀ fòpin sí kíka èèyàn sí aláìmọ́ tí a kì í fọwọ́ kàn nítorí caste, ìyẹn ìpín tí wọ́n bí i sí. Mo ń kọ́ wọn ní èyí ní kíláàsì 7 lọ́jọ́ kan, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, ni ọmọkùnrin kan bá nawọ́, ó ní: "Ma'am, tí wọ́n bá ti fòpin sí i, kí ló dé tí kọ́ọ̀bù méjì fi wà ní ṣọ́ọ̀bù tíì abúlé wa?"

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Àwọn kan ò mọ ohun tó ń sọ. Àwọn kan mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń wolẹ̀. Ní àwọn abúlé kan lápá gúúsù yìí, kọ́ọ̀bù kan á wà fún àwọn Dalit, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń kà sí aláìmọ́ yẹn, òmíràn á wà fáwọn tó kù, mo ti kà nípa ẹ̀ ṣùgbọ́n n kò retí ẹ̀ lẹ́nu ọmọ ọdún 12.

Mo wá ṣi í ṣe. Mo ní kó dìde kó ṣàlàyé fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó dìde, ó ṣàlàyé, ó jókòó, nígbà tó fi máa di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán gbogbo wọn ti ń bi í pé kọ́ọ̀bù èwo ni àwọn ará ilé tiẹ̀ máa ń mu. Ojú tì mí. Ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ tó dáa jù lọ́dún yẹn, èmi tíṣà ni mo gbé e jókòó sójú agbo. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ níkọ̀kọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní kò séwu, ṣùgbọ́n kò nawọ́ mọ́ fún bí oṣù kan.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Mi ò bi ọmọ kankan ní caste ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kí ọmọ fi ilé tiẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Mo máa ń lo ti Ambedkar fúnra ẹ̀, òun náà ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tóun wà nílé-ìwé, òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò omi, ìránṣẹ́ ilé-ìwé ló gbọ́dọ̀ bu omi fóun láti òkè, lọ́jọ́ tí ìránṣẹ́ ò bá sí, òùngbẹ ló kù. Ọmọ tí wọ́n ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò ló padà wá darí bí wọ́n ṣe kọ ìwé òfin. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń béèrè: kí ni òfin lè ṣe, kí ni kò lè dá ṣe? A máa ń wo òfin 1989 tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fi caste ni lára, a máa ń wo ẹni tí èèyàn lè lọ fẹjọ́ sùn, a tún máa ń wo ìdí tí ẹni náà fi lè máà lọ. Mi ò sọ fún wọn pé gbogbo ẹ̀ ti dáa, mi ò sì sọ pé òfin ò wúlò. Òbí kan wá bínú sí mi lọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan pé mò ń kọ́ ọmọ òun ní òṣèlú. Mo ṣí ìwé, mo fi Ẹsẹ̀ 17 hàn án. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ ṣé dandan ni ká máa sọ ọ́.

Ìdìbò ńkọ́, ẹ máa ń ṣe é ní kíláàsì?

A máa ń ṣe é, òun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Mònítọ̀ kíláàsì la fi ń dìbò fún, ìbò ìkọ̀kọ̀, mo sì máa ń fi máákà kun ìka wọn bí ìjọba ṣe ń fi íǹkì kùn ún fáwọn àgbà. Mo máa ń sọ fún wọn pé ní 2024 ìpele 7 ni ìdìbò gbà, láti April 19 sí June 1, àwọn tó dìbò ju mílíọ̀nù 640 lọ, fún àga 543 ní Lok Sabha, ilé aṣojú-ṣòfin wọn. NOTA, ìyẹn "kò sí èyí tó wù mí nínú wọn", náà wà lórí bébà wa torí ó wà lórí ẹ̀rọ tiwọn láti 2013. Lọ́dún kan ìbò 3 péré ni NOTA fi rẹ̀yìn sẹ́ni tó wọlé, mònítọ̀ yẹn sì rọra ṣèjọba ni o!

Tó bá jẹ́ abúlé lẹ wà, ẹ mú wọn lọ wo gram sabha, ìpàdé gbogbo ará abúlé. Àtúnṣe òfin 1992 ló fún un lágbára, ó tún ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àga ìgbìmọ̀ abúlé jẹ́ ti obìnrin.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń yọ àwọn Mughal kúrò nínú ìwé. Òótọ́ ni?

Wọ́n gé apá kan kúrò nínú ìwé NCERT ní bíi 2022 sí 2023, wọ́n ní kí ẹrù àwọn ọmọ lè fúyẹ́ lẹ́yìn COVID, àwọn onímọ̀ ìtàn kan fárígá. Nínú àwọn ìwé tuntun, kíláàsì 8 ni Sultan Delhi àtàwọn Mughal wà báyìí, wọn ò sí ní kíláàsì 7 bíi ti tẹ́lẹ̀. Ariwo ṣì ń lọ lórí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Èmi àlejò ni mí, mi ò kì í gbé ariwo wọn sórí, àmọ́ ní Hyderabad kò sí bí tíṣà ṣe fẹ́ fo Mughal, Aurangzeb ọba Mughal ló gba Golconda ní 1687, àpá ẹ̀ wà nílẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń mú àkọsílẹ̀ méjì lórí ọ̀rọ̀ kan wá, mo máa bi wọ́n: ta ló kọ ọ́? ìgbà wo ló kọ ọ́? ta ló ń bọ́ ọ? Ìbéèrè kẹta yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí wọ́n ti mọ̀ pé akọ̀wé ọba ò ní bú ọba. Ẹnu àwa náà ò sì gbọdọ̀ gùn jù, ṣebí wọ́n yọ ìtàn kúrò nínú sílébọ́ọ̀sì ọmọ tiwa ní bíi 2009 tó jẹ́ pé ọdún gorí ọdún kí wọ́n tó ní kó padà wá.

Àwọn ọmọ yẹn ò bi yín ní nǹkan nípa Áfíríkà ni?

Há! Ọjọ́ kìíní ni. "Ma'am, ṣé kìnnìún wà ládùúgbò yín?" Mo ní mi ò rí kìnnìún rí àfi nínú ọgbà ẹranko UI, ẹ̀yin lẹ ní kìnnìún nínú igbó ní Gir ní Gujarat. Wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sọ ti Malik Ambar fún wọn. Ọmọ Ethiopia ni, wọ́n tà á lẹ́rú, ó dé Deccan, ó di ọ̀gágun, ó di ẹni tó ń ṣàkóso Ahmadnagar, ó sì da Jahangir ọba Mughal láàmú títí ó fi kú ní 1626. Òun ló tẹ ìlú tó padà di Aurangabad dó. Kò tán síbẹ̀, àdúgbò kan wà ní Hyderabad níbí tó ń jẹ́ A.C. Guards, àwọn ọmọ ń gba ibẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí "A.C." dúró fún, wọ́n rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ni. African Cavalry ni o, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọ́ Nizam, ọba Hyderabad láyé àtijọ́, ọmọ ọmọ wọn ṣì ń gbé ibẹ̀. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti wá o, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa, ẹ má lọ sọ pé Àǹtí ní Yorùbá ni wọ́n.

Ó yẹ kí n mú wọn jáde lọ wo ibi ìtàn?

Ó yẹ, ṣùgbọ́n ibì kan lẹ́ẹ̀kan, ìbéèrè kan ni kí wọ́n mú lọ. Bí mo bá mú wọn lọ Golconda, ìbéèrè kan náà ni: báwo ni ọba tó wà lókè ṣe ń mọ̀ pé àlejò ti dé ìsàlẹ̀? Wọ́n á pàtẹ́wọ́ lábẹ́ òrùlé ẹnu ibodè, àwọn tó wà lókè téńté á gbọ́ ọ. Ó tán.

SST ò kúkú ní gbé ọmọ dé IIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ tí gbogbo òbí níbí ń fẹ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Mo máa ń gbọ́ èyí lẹ́nu òbí Íńdíà, mo tún ń gbọ́ ọ lẹ́nu òbí Yorùbá. Tí ọmọ bá fẹ́ ṣe UPSC lọ́la, ìdánwò tí wọ́n fi ń mú àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba níbí, ìwé NCERT kíláàsì 6 yìí náà ni wọ́n á ní kó padà wá kà, ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni tó ń gbára dì fún un, ẹ máa rí ìwé ọmọdé lórí tábìlì àgbàlagbà. Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ ká má jà.

Ọmọ mi ò gbọ́ Hindi tàbí Telugu, ṣé kò ní ṣèpalára fún un?

Tó bá jẹ́ ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni, rárá. Àwọn orúkọ ló máa kọ́kọ́ gùn lẹ́nu ẹ̀, ẹ ní kó máa kà á síta, Vi-ja-ya-na-ga-ra, bí ìgbà tí Òyìnbó bá ń kọ́ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì.

Níbo la ti lè rí ìwé yẹn?

Lórí sáìtì NCERT, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè gbà á lórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì wà, Hindi wà, Urdu náà wà. Kẹ́ ẹ ṣáà wo ọdún tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, torí àwọn tó ń ta fọ́tókọ́pì lẹ́bàá ọ̀nà ṣì ń ta èyí àtijọ́ fáwọn èèyàn, mo ti bá a lọ́wọ́ òbí mẹ́ta lọ́dún yìí nìkan.